Ẹ Bá Mi Bẹ Ọ̀gá Mi o

Ẹ̀yin ará Fádèyí, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa dán ètò kọ̀ǹpútà wò kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹ̀rọ ló ń ṣe ìdánwò, ẹ̀rọ náà ló ń kọ èsì, àfi pé XML ló fi ń kọ ọ́. Testsuite, testcase, failure: àmì níwájú, àmì lẹ́yìn, bí ọ̀nà tí ọlọ́pàá pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ọ̀gá mi wò ó títí. “Ṣé èsì nìyí àbí ọfọ̀? Ní Ṣómólú níbí, wọ́n ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó tó ń dán gbinrin. Ìwọ, èsì lásán!”

N ò bá Kent Beck àti Erich Gamma, àwọn tó ṣe JUnit tí a fi ń dán ètò wò, jà. Inú ọkọ̀ òfúrufú láti Zurich sí Atlanta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1997, kò sí kọndọ́kítọ̀ tó ń pariwo “Fádèyí, ó wà o!” sí wọn létí. Ant, ètò tí wọ́n fi ń to ètò Java jọ, ló wá sọ fáìlì XML di àṣà fún èsì ìdánwò. Àwọn kan ní kí n fọkàn balẹ̀, pé láti 1999 ni XSLT ti wà, tó ń sọ XML di ojú ewé tí ọmọ ènìyàn lè kà. Ẹ wá gbọ́ ìyanu: XML ni wọ́n fi ń kọ XSLT náà!

Mo kọ ọ́. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi, Chrome ní òun ò ní jẹ́ kí fáìlì kan ka èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ààbò. Ààbò lọ́wọ́ ta ni? Èmi náà ni mo ni fáìlì méjèèjì! Mo wá ọ̀nà mìíràn, ó kù díẹ̀, orúkọ oníbàárà kan ló tún bà á jẹ́. Ó parí sí “& Sons”. XML kì í gba &, àfi kí ẹ kọ &. Ní Èkó yìí, ṣọ́ọ̀bù wo ni kò ní “& Sons”?

Nígbà tó yọrí, ó rẹwà: aláwọ̀ ewé fún èyí tó yege, pupa fún èyí tó kùnà. Ọ̀gá ní pupa ti pọ̀ jù. Ó ní kí n ya fọ́tò ibi aláwọ̀ ewé nìkan, kí n fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp.