Ẹ Má Sọ Fún Mi Mọ́ Pé Oko Wa Dára

Bí ẹ bá pàdé mi ní Chicago, ẹ bèèrè àlàáfíà ilé, ẹ bèèrè iṣẹ́, ẹ tiẹ̀ lè bèèrè owó tí mo jẹ yín, màá dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ oko White Sox létí mi. Ó ti tó gẹ́ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù yìí ni wọ́n ti ń fi àwọn ògo wẹẹrẹ kan tù mí nínú: wọ́n ń bọ̀, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ẹni kìíní nínú wọn ò lẹ́gbẹ́, ẹni kẹta ń gbá bọ́ọ̀lù bí àrá. Wọ́n dé lóòótọ́. Nígbà tó di 2024, White Sox pàdánù ìdíje 121 nínú 162. Láti 1901, kò sí ẹgbẹ́ lígì àgbà kan tó tíì pàdánù tó bẹ́ẹ̀ nínú sáà kan ṣoṣo. Ojú mi ló ṣe, wọn ò sọ ọ́ fún mi.

Ẹ̀yin tí Arsenal àti Chelsea ti gba gbogbo omijé ojú yín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ẹgbẹ́ 30 ló wà ní lígì àgbà béésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé, wọn kì í sáábà gbé e lọ síwájú èrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oko ni wọ́n máa kọ́kọ́ rán an lọ, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Branch Rickey ló gbé ètò náà kalẹ̀ ní St. Louis lẹ́yìn 1920. Lónìí, ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan ní mẹ́rin tó ń gbá sáà kíkún. Ti White Sox wà ní Kannapolis, Winston-Salem, Birmingham àti Charlotte. Birmingham yìí náà ni Michael Jordan lọ ní 1994, nígbà tó fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ pé òun fẹ́ gbá béésìbọ́ọ̀lù. Nínú ìgbà mẹ́wàá tó bá di igi mú, bí ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń rí bọ́ọ̀lù gbá dáadáa. Nígbà 114, igi rẹ̀ gbá afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi ní kó lọ jókòó. Jordan o! Ìyẹn nìkan ti yẹ kó kọ́ gbogbo Chicago pé orúkọ ò mọ bọ́ọ̀lù gbá.

Àwọn tó fa wàhálà tèmi ni àwọn atòpò. Wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù, wọn kì í ṣe kóòṣì. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n to àwọn ọmọ oko ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ẹni kìíní dé ẹni ọgbọ̀n, kí wọ́n sì tún ṣa ọgọ́rùn-ún tó dára jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Baseball America, ìwé ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981, ti ń tẹ orúkọ ọgọ́rùn-ún náà jáde láti 1990, àwọn mìíràn sì ti ya bo iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Máàkì tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ yìí ò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kò sì parí sí ọgọ́rùn-ún. 20 ni ìsàlẹ̀, 80 ni òkè, 50 ni ti ẹni tó ń ṣe ìwọ̀nba ní lígì àgbà. Wọ́n á fún ọmọ ní máàkì igi gbígbá, ti agbára, ti eré sísá, ti bọ́ọ̀lù mímú, ti bí apá rẹ̀ ṣe lè jù ú tó. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: igi gbígbá, 35 lónìí, 55 lọ́jọ́ iwájú. Ta ló lọ sí ọjọ́ iwájú tó bá a gba máàkì bọ̀? Lábẹ́ rẹ̀ ni àlàyé máa wà: ara rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá nípọn, bó bá lè jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù tó ń yà bàrá, bó bá lè fara balẹ̀. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òun náà ni tíṣà mi n'Íbàdàn máa ń kọ sísàlẹ̀ káàdì mi nígbà tí a bá fẹ́ gba ìsinmi: ó lè ṣe jù báyìí lọ bó bá gbájú mọ́ ìwé. Bàbá mi kì í tìtorí ẹ̀ pe ẹbí jọ pé ẹ wá bá mi yọ̀. Pàṣán ló fi ń dáhùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù pamọ́ ló mú mi wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Mo jù ú lọ dáadáa, "ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti béésìbọ́ọ̀lù, á máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní a-bí-dí. Ní oṣù Kejìlá 2016, White Sox kó Chris Sale, ajubọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù nínú wọn, fún Boston. Mo pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀," ó ní. "Ẹ wo ẹni tí wọ́n fi pààrọ̀."

Ó na fóònù sí mi. Yoán Moncada, ọmọ Kúbà. Boston ti san dọ́là mílíọ̀nù 31 àti ààbọ̀ fún un kó tó fọwọ́ síwèé, wọ́n sì tún san iye kan náà fún lígì gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Àwọn atòpò ń kà á sí ẹni kìíní tàbí ìkejì nínú gbogbo ọmọ oko Amẹ́ríkà. Michael Kopech tẹ̀lé e, ọmọ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń kọjá máìlì 100 ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ kejì, Adam Eaton gba Washington lọ, Lucas Giolito àti àwọn méjì mìíràn wọlé. Ní oṣù Keje 2017, José Quintana sọdá sọ́dọ̀ Cubs, àwọn aládùúgbò wa tí a kì í gbàdúrà fún, a sì gba Eloy Jiménez àti Dylan Cease. Luis Robert, ọmọ Kúbà mìíràn, ti gba dọ́là mílíọ̀nù 26 tirẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. Ní 2018, White Sox pàdánù ìdíje 100 gééré. Alẹ́ ọjọ́ tí sáà parí, ọmọ Ìjẹ̀bú ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí oko wa bí?"

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyí. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé kí n fi ọgọ́rùn-ún ìjákulẹ̀ ṣe ayẹyẹ, kí n má fi í ré. Ṣùgbọ́n ẹ fi nọ́ńbà sí i, ẹ to orúkọ sílẹ̀, ẹ ní ẹni kẹrin ti gun orí ẹni kẹta, mo ti gbàgbé pé wọ́n lù wá. Mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́ ní àárọ̀, kí n tó bọ́ bàtà ni màá ti máa wo bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ṣe ṣe ní Kannapolis lálẹ́ àná. Mi ò tiẹ̀ ní bèèrè bí ẹgbẹ́ àgbà ṣe ṣe. Ìyàwó mi wò mí wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá Dámi, ẹ mọ ipò ọmọ ọlọ́mọ ní Kannapolis. Kíláàsì wo ni Dámi wà?" Mo dákẹ́. Mo fi kọ́rọ́ ojú wo ọmọ náà bóyá á yọ́ ọ sọ fún mi.

Àbí oko ọ̀hún ò so ni? Ó so. Moncada kọ́kọ́ gbá afẹ́fẹ́ ní 2018, nígbà 217, kò sẹ́ni tó tó o ní gbogbo lígì lọ́dún yẹn. Ní 2019, ó gbá a dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ní 2021, ẹgbẹ́ náà jáwé olúborí nínú 93, wọ́n gba ipò kìíní ní ìpín wọn, Houston sì lé wọn sílé kíá. Àjọ̀dún tí a retí láti 2016 kò ju ìyẹn lọ. Nígbà tó máa fi di 2024 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n pàdánù 21 ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ibo ni àwọn ògo wẹẹrẹ wà? Wọ́n ti kó Cease lọ sí San Diego, ibẹ̀ ló ti ju bọ́ọ̀lù fún odidi ìdíje kan láìsí alátakò kankan tó gbá a dé ibi tó lè fi sáré. Kopech lọ sí Los Angeles, ó bá wọn gba ife ẹ̀yẹ. Sale tí wọ́n fi gba Moncada àti Kopech ńkọ́? Ọdún yẹn gan-an ló gba àmì ẹ̀yẹ Cy Young, ti ajubọ́ọ̀lù tó dára jù, pẹ̀lú Atlanta.

Ẹ sì wá wo àwọn tí lísìtì ò rí. Ní oṣù Kẹfà 2016, White Sox fi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan kún ohun tí wọ́n fi gba James Shields, ajubọ́ọ̀lù tó ti ń darúgbó. Ọmọ náà ò tíì gbá ìdíje kan ṣoṣo fún owó. Fernando Tatis Jr. ni. Ní 2021, ó gba àdéhùn ọdún 14 tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 340, ó sì gbá home run, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fò kọjá odi pápá, nígbà 42 lọ́dún yẹn. Shields pàdánù ìdíje 16 ní 2018. Mark Buehrle ńkọ́? Ìpele kejìdínlógójì ni wọ́n ti mú un ní 1998, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò láti máa lọ sílé. Ó bá White Sox gba ife ẹ̀yẹ 2005. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje 2009, onígi 27 wá síwájú rẹ̀, ó dá gbogbo 27 padà, ẹnì kan ò fẹsẹ̀ kan béèsì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní àwíjàre. Ó ní kí n wo Kansas City: ní 2011, mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún Baseball America jẹ́ ọmọ oko wọn, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ní 2015. Mo ní ta ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ta yọ jù nínú àṣekágbá náà? Salvador Perez. Kò sí láàárín àwọn mẹ́sàn-án. Ó tún gbé ẹnu sókè, mo fi Brien Taylor ti New York dí i fún un: ẹni kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà ní 1992, èjìká rẹ̀ yẹ̀ nínú ìjà ní oṣù Kejìlá 1993, kò sì gbá ọjọ́ kan ní lígì àgbà.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí mi ò lè fi kan ọmọ Ìjẹ̀bú ni ti Demi Orimoloye. Èmi ni mo fúnra mi wá a rí, nítorí mo máa ń wá orúkọ Yorùbá nínú lísìtì bí ẹni ń wá ẹbí lórí ìwé ìdìbò. Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i, Ottawa ló dàgbà sí, Milwaukee sì mú un ní ìpele kẹrin ní 2015. Àwọn atòpò ti gbé e sókè ju ibẹ̀ lọ kó tó dìgbà yẹn. Mo pe Ìbàdàn, mo ní Orímóloyè kan ń bọ̀. Kò tíì dé lígì àgbà. Àǹtí mi ṣì ń bèèrè rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2024, fóònù mi dún. White Sox ti kó Garrett Crochet, ajubọ́ọ̀lù wọn tó dáńtọ́ jù, fún Boston. Boston yẹn kan náà! Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n gbà, ọmọ Ìjẹ̀bú sì ti mọ máàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí. "Ẹ̀gbọ́n, oko wa ti tún dára." Pópù Leo XIV gan-an, ọmọ agbègbè Chicago tó ń ṣe White Sox, tó wà ní pápá fún ìdíje kìíní àṣekágbá 2005, wọ́n fi í jẹ ní oṣù Karùn-ún 2025, ìdíje 102 ni ẹgbẹ́ náà ṣì pàdánù lọ́dún yẹn. Bí ti Pópù bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí èmi Bàbá Dámi wí?

Mi ò ní kí àwọn atòpò má tò mọ́, wọ́n lọ́mọ tí wọ́n ń bọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀: bí ẹ bá ti ń tẹ lísìtì tuntun, ẹ tẹ ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà báyìí síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Chicago náà, bí ọmọ Ìjẹ̀bú kan bá na fóònù sí yín pé kí ẹ wá wo oko, ẹ bá mi bi í léèrè ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù fún wa lálẹ́ òní.