Bí Mo Ṣe Di Bàbá Akuaba ní Kumasi

Ọlọ́jà kì í fẹ́ràn òpè tó bó ṣe fẹ́ràn alákọ̀wé tó ti kàwé nípa ọjà tó fẹ́ rà. Òpè á máa bẹ̀rù, á máa ná an wálẹ̀ wálẹ̀. Alákọ̀wé ní tiẹ̀ á fúnra rẹ̀ pa ìtàn ọjà fún ọlọ́jà, á sì tún sanwó ìtàn náà mọ́ owó ọjà. Ara mi ni mò ń sọ.

Owó tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń ra ilẹ̀, ọmọlangidi ni mo fi tèmi ń rà. Ère ìbejì wà nílé mi n'Íbàdàn, wọ́n tò lórí pẹpẹ bí ọmọ iléèwé, ìyàwó mi kì í sì í bá mi nu eruku ara wọn. Kẹ́ ẹ má sì rò pé orí tèmi nìkan ló dàrú. Àwọn òyìnbó tó ń kó béárì onírun jọ, èyí táwọn ọmọdé ń gbé sùn, wọ́n jù mí lọ. Ọdún 1902 ni Richard Steiff, tó jẹ́ ọmọ arákùnrin Margarete Steiff ní Giengen nílẹ̀ Jámánì, gbé béárì tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí jáde. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ààrẹ Theodore Roosevelt kọ̀ láti yìnbọn pa béárì kan tí wọ́n so mọ́gi fún un ní Mississippi, làwọn ará Amẹ́ríkà bá fi ìnagijẹ rẹ̀, Teddy, sọ ọmọlangidi lórúkọ. Láti 1904 ni ilé iṣẹ́ Steiff ti ń kan bọ́tìnnì irin mọ́ etí tiwọn. Ní 1994, ọ̀kan nínú àwọn àgbà béárì yẹn, Teddy Girl, tà ní £110,000 ní gbàǹjo Christie's ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á wo bọ́tìnnì, wọ́n á wo ibi tí irun ti re, wọ́n á tẹ ikùn rẹ̀ láti gbọ́ bó ṣe ń dún, wọ́n á sì sọ ọdún tí wọ́n rán an. Mo ka gbogbo ìyẹn. Mo gbé e sórí dé Kumasi ní Ghana níbi tí iṣẹ́ gbé mi lọ, mo ń wá èyí tí mo lè fi han ayé pé èmi náà mọ̀ ọ́n.

Béárì kọ́ ló wà ní Kumasi, akuaba ni. Ẹ ti ní láti rí i rí: orí róbótó tó rí pẹlẹbẹ, iwájú orí tó gba ojú mọ́lẹ̀, ẹnu tóóró nísàlẹ̀ pátápátá, ọrùn tó ní òrùka yípo yípo, apá kúkurú méjì tó nà sọ́tùn-ún sósì, kò sì sẹ́sẹ̀. Ìtàn tí àwọn Asante ń sọ ni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Akua ń wá ọmọ, àwòrò sì ní kó gbẹ́ ọmọ igi, kó máa pọ̀n ọ́n, kó máa tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ gidi. Ará ìlú ń fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè é ní ọmọ Akua, títí Akua fi bímọ obìnrin, làwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà bá lọ gbẹ́ tiwọn. Obìnrin ni wọ́n máa ń gbẹ́ jù, torí ìdílé ìyá ni àwọn Asante ń tọ̀. Ti àwọn Fante létí òkun, orí tiwọn gùn, ó ní igun mẹ́rin.

Ọmọ tó ti lọ ni àwa Yorùbá máa ń gbẹ́ ère rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì dé ni àwọn ń gbẹ́. Ká ní mo jókòó ro ìyàtọ̀ yìí dáadáa kí n tó jáde nílé, owó ìbá wà lápò mi.

Ṣùgbọ́n òfin ìbejì ni mo mú dání. Ìyá ìbejì máa ń wẹ ère ọmọ rẹ̀, á fi osùn pa á, á fi ẹ̀wà kàn án lẹ́nu, nítorí náà ojú ère ló máa ń kọ́kọ́ parẹ́. Imú á jẹ, ìpéǹpéjú á di ilẹ̀ pẹrẹsẹ. (Ní nǹkan bí 1970, àwọn ìyá kan nílé wa ti ń fi ọmọlangidi oníke ṣe ìbejì. Ìyẹn kì í jẹ rárá, ẹni tó bá ń kó ère jọ kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ.) Mo ti gbà lọ́kàn mi pé bójú ère kan bá ti parẹ́, ó ti gbó nìyẹn. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ojú ni akuaba fi ń gbó.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Prempeh II tó wà nínú ọgbà Cultural Centre ni mo kọ́kọ́ lọ, kójú mi lè là. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni àga kan. Lọ́dún 1900, gómìnà òyìnbó, Hodgson, wá sí Kumasi, ó ní kí wọ́n gbé Àga Wúrà àwọn Asante jáde kóun jókòó lé e. Àga tí ọba Asante pàápàá kì í jókòó lé! Ogun Yaa Asantewaa ló fi gbọ́ èsì. Àga tó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ayédèrú ni, òun sì ni wọ́n ní àwọn Asante gbé fún òyìnbó kí tòótọ́ lè wà níbi tó wà. Mo rẹ́rìn-ín òyìnbó títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gba ibẹ̀ lọ ra akuaba.

Ọ̀nà Kejetia ni mo ti rí i, nínú ìsọ̀ kan tí wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀, agogo àti ère sí. Ọkùnrin àgbà kan ló jókòó ti ọjà rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Akuaba náà dúdú, ó ń dán lábẹ́ eruku, ihò kòkòrò wà lẹ́yìn orí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

"Wofa, ó mà ti pẹ́ o."

Ó wò mí, ó wo ère. "Ó ti pẹ́."

"Á tó ọgọ́rùn-ún ọdún."

"Á tó o."

"Àbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Ọ̀gá, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo gbé e sókè, ó fúyẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé gbígbó ló mú un fúyẹ́, omi inú igi ti gbẹ tán. Ó mi orí. Mo gbóòórùn rẹ̀, èéfín ni. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé lókè àdògán ló ti wà láti ọjọ́ yìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, lókè àdògán ni. Mo wá sọ ohun tó bà mí lówó jẹ́: mo ní, bí mo ti ń wò ó yìí, wọ́n ti gbẹ́ ẹ kí ogun Yaa Asantewaa tó bẹ́. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀pà sílẹ̀. Ó ní ìyá tó bí ìyá òun ló pọ̀n ọ́n sá nínú ogun náà. Kí n tó lanu, kò sí ìyá kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ogun. Iye tó kọ́kọ́ pè fún mi kò ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí ogun ṣe bẹ́ báyìí, iye náà bẹ́ tẹ̀lé e. Mo san án, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fi ogún ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Kó má baà fi ara ha, mo fi tówẹ̀lì wé e, mo gbé e sáyà, orí róbótó yẹn yọ síta. Bí mo ṣe wọ tro-tro, ọkọ̀ èrò wọn, nìyẹn. Obìnrin tó jókòó tì mí wo ère, ó wo òrùka ìgbéyàwó ọwọ́ mi, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká: "Nyame bɛyɛ, Ọlọ́run á ṣe é." Èmi náà ní àmín, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ìyá tó wà níwájú yíjú padà, ó béèrè ọdún tí a ti ṣègbéyàwó. Mo ní ọdún mẹ́tàdínlógún. Gbogbo ọkọ̀ mí kanlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ewé, wọ́n ń júwe wòlíì, ẹnìkan sì ní kì í ṣe ọkùnrin ló ń gbé e, kí n má bà á jẹ́, kí n yára gbé e fún ìyá ilé kó pọ̀n ọ́n. Kọ̀ndọ́ kọ̀, kò gbowó lọ́wọ́ mi. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹ bá mi wo ẹni tó máa là á fún ọkọ̀ tó kún fún àánú pé òun ń gbé e lọ sórí pẹpẹ ni.

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti délé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá onílé mi ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, Kumasi ni wọ́n bí i sí, òfin tí ìjọba Busia fi lé àlejò lọ ní 1969 gbé e padà sílé, òun náà sì tún gbé ara rẹ̀ padà wá. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lálẹ́. "Ọmọ mi, má tijú mi. Ṣé ìwọ ni àbí ìyàwó?" Mo ṣàlàyé títí, ó ń gbọ́ bí ẹni tó ń gbọ́ irọ́ ọlọ́lá. Ó ti ní nọ́ńbà ìyàwó mi, torí wọ́n jọ máa ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Ó pè é n'Íbàdàn lọ́jọ́ kejì láti tù ú nínú pé ọkọ rẹ̀ kò jókòó tẹtẹrẹ, ó ń wá ọmọ kiri Kumasi. Bí ìyàwó mi ṣe pè mí padà, kò kí mi. Ó ní, "Ta lo fẹ́ bímọ fún ní Kumasi?"

Àlàyé ọ̀rọ̀ yẹn gbà mí ní káàdì fóònù púpọ̀. Ó ní kí n ya fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́. Kó lè mọ́ lójú fọ́tò, mo bomi sínú bàsíà, mo mú ọṣẹ dúdú. Alata samina ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọ́n ní àwa tí wọ́n ń pè ní Aláta la gbé e wá, ẹ̀yìn ẹni tó sì ni ọṣẹ kò gbọdọ̀ dọ̀tí. Ẹni tó ń kó béárì jọ, ẹni tó ń kó ère jọ, gbogbo wa la gbà pé a kì í fi omi kan ohun àtijọ́. Mo mọ òfin yẹn. Mo wẹ̀ ẹ́ bí ìyá ìbejì ṣe ń wẹ ère.

Omi kọ́kọ́ pọ́n, ó wá dúdú, òórùn pọ́líìṣì bàtà sì bo yàrá. Lábẹ́ kànrìnkàn mi, ojú ọmọ mi ń funfun bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Láàárín orí rẹ̀ gan-an, ihò bín-ín-tín kan wà, ibi tí wọ́n ti fi ẹnu kọ́ńpáàsì gún un láti fa òbìrípo orí, ìlà pẹ́ńsùlù sì ṣì wà létí. Mo yẹ ihò kòkòrò wò. Gbogbo wọn jìn bákan náà, wọ́n tò gún régé, irú kòkòrò tó ní irin ìlu.

Inú bí mi dé Ahwiaa, abúlé àwọn agbẹ́gilére ní ọ̀nà Mampong, torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ní ó ti wá. Mo bá arákùnrin ère mi níbẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wọ́n tò lórí pákó nínú oòrùn, àwọn kan ṣì funfun, àwọn kan ti wọ ọdún 1900. Mo gbé tèmi síwájú ọ̀gá wọn, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bú u. Òun ló kọ́kọ́ bínú. "Ta ló wẹ ọmọ yìí?" Ó yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, ó ń káàánú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní igi sese ni, igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ àga, ó fúyẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e. Mo béèrè ìdí tí èyí tó gbó fi wọ́n ju tuntun lọ nígbà tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n gbẹ́ méjèèjì. Ó wò mí bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí. Tuntun, ó ní, a gbẹ́ ẹ, ó tán. Ògbólógbòó, a gbẹ́ ẹ, a há ojú rẹ̀, a lu ihò, a rì í mọ́lẹ̀, a fín in léèfín, a kùn ún. Ṣé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni?

N kò rí èsì fọ̀. Mo sanwó kó tún un kùn.

Bí mo ṣe ń dúró ni ìyá rẹ̀ gbé tiẹ̀ jáde nínú yàrá, òun náà fẹ́ rí ọkùnrin tó wẹ akuaba. Ère kékeré ni, apá rẹ̀ kan ti kán, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò parẹ́ rárá, imú rẹ̀ mú ṣáṣá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń dán, àti abẹ́ apá méjèèjì níbi tí ọ̀já ń gbà, àti ọrùn níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń ha á. Ìyá náà fa aṣọ, ó pọ̀n ọ́n hàn mí, mo sì rí i kedere pé kò sí ohun tó ń kan ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Irú rẹ̀ gan-an ni mo ti gbé sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ìsọ̀ Kejetia, mo ní ojú rẹ̀ ti tuntun jù. Mo béèrè iye tí ìyá máa gbà. Ọmọ rẹ̀ kò túmọ̀ ìbéèrè yẹn fún un.

Láti 1969 ni òfin Ghana ti ní ohun àtijọ́ kò gbọdọ̀ jáde nílùú láìgba àṣẹ Ghana Museums and Monuments Board, nítorí náà èèyàn ní láti gbé ère rẹ̀ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó rìnrìn-àjò. Mo gbé e lọ. Kí n sòótọ́, ìrètí kékeré kan ṣì wà nínú mi pé òṣìṣẹ́ náà á gbá tábìlì, á ní ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè ni mo fẹ́ gbé sá. Ó fi ìka kan yí i, ó fi ìka dí imú rẹ̀ torí òórùn pọ́líìṣì, ó kọ ọ́ síwèé pé ohun àtijọ́ kọ́. Mo ní ẹ jọ̀wọ́ ọ̀gá, ẹ bá mi tún un wò, ihò kòkòrò wà lẹ́yìn orí. Ó ní òun ti rí i. Ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó tì í sí mi. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó bi mí pé ọdún mélòó ni èmi àti ìyàwó ti wà nílé.