Abúnigbowó, Ọ̀gá Alátẹ Owó Àtijọ́

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Nígbà tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti rí ọjà, wọ́n ti rí ogun, ó sì dá wọn lójú pé kò sí bí ènìyàn yóò ti bú ọmọ ẹlòmíràn ní gbangba kí onítọ̀hún sì tún na ọwọ́ ọrẹ sí i. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá lè dìde lónìí, kí wọ́n sì dúró díẹ̀ níwájú àtẹ ẹni tí ń ta owó àtijọ́, ẹnu yóò yà wọ́n, nítorí níbẹ̀ ni wọn yóò ti rí ọ̀rọ̀ búburú tí kò yọ ọfà, tí kò yọ idà, bí kò ṣe náírà ni ó ń yọ lápò ẹni tí a bú, tí ẹni náà yóò sì tún dúpẹ́ kí ó tó kọrí sílé.

Kí ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ má baà rò pé orí àwa tí ń kó owó àtijọ́ jọ ti dàrú, ó yẹ kí n sọ ohun tí a ń wá. Owó tí kò lè ra àkàrà mọ́ ni a ń fi owó tí ó lè rà á wá kiri. A ń wá kọ́bọ̀ oníhò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ ní 1907, èyí tí wọ́n kọ orúkọ Nàìjíríà sí, tí wọ́n ya ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sí ojú kan rẹ̀, tí wọ́n sì lu ihò sí láàárín kí àwọn baba ńlá wa, tí sínsín owó ẹyọ ti mọ́ lára, lè máa sìn ín sí okùn. A ń wá ọ̀nínì, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi alumíníọ̀mù rọ, ṣùgbọ́n tí ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí ó tọ́, tí wọ́n fi yí i padà ní 1908. A ń wá ṣílè ọlọ́pẹ tí Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà jọ ń ná láti 1913, tí ó jẹ́ fàdákà gidi kí fàdákà tó wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́ ní 1920. A sì ń wá sísì onígi kòkó ti 1959, ọdún tí Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kí náírà tó dé ní 1973, irú owó wọ̀nyí ni àwọn òbí wa fi san owó orí, òun ni wọ́n fi fẹ́ ìyàwó, òun náà ni wọ́n fi rán àwọn ọmọ wọn nílé ìwé.

Ẹni tí nǹkan iyebíye báyìí wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni mo fi orúkọ pè ní Abúnigbowó. Oríkì rẹ̀ kò ṣòro í kì: Abúnigbowó, ọmọ a-tajà-má-kíni, a-wo-bàtà-ẹni-kí-ó-tó-dáhùn, òǹrorò ẹ̀yìn àtẹ, ẹni tí kò mọ ọdún tí wọ́n rọ owó, ṣùgbọ́n tí ó mọ iye tí ó wà lápò ẹni tí ó béèrè. Bí ẹ bá wọ ìsọ̀ aláṣọ tàbí ti aláta, ìkíni ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹ ó ní ajé á wọgbá, wọn yóò ní àṣẹ, ẹ ó dúnàádúrà títí ẹ ó fi fi ẹ̀rín pàdé láàárín, olówò yóò sì fi ènì lé e. Abúnigbowó náà kì í ta ọjà láìfi ènì sí i, àfi pé èébú ni ènì tirẹ̀, a sì máa ń gbà á kí a tó sanwó rárá. Baba olóríi funfun yóò dúró pẹ́ẹ́, ọmọ tí kò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀ yóò gbójú sókè, yóò ní, “Ìwọ, o fẹ́ rà á ni àbí o wá wòran?”

Ẹ bi í pé ṣé ẹ lè gbé ṣílè fàdákà náà lé òṣùwọ̀n, nítorí ojúlówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà sí gíráàmù 5.65, yóò ní, “Ṣé olè ni o ń pè mí?” Ẹ bi í pé kí ló dé tí kọ́bọ̀ tí ó ti lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ fi ń dán yanranyanran, nígbà tí gbogbo ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé owó àtijọ́ tí a bá ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó lára ti sọ iyì rẹ̀ nù; yóò ní, “Ẹni tí ó bá fẹ́ ìdọ̀tí, kó gba ààtàn lọ.”

Ṣùgbọ́n lórí kọ́bọ̀ 1936 ni ẹ ó ti mọ bí ọgbọ́n rẹ̀ ti jìn tó. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni Ọba Edward Kẹjọ kọ ìtẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ nítorí obìnrin Amẹ́ríkà kan tí ó fẹ́ fẹ́, kí owó tí ó ní àwòrán orí rẹ̀ tó di nínáwó nílé wọn. Ìyẹn ni ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n ti rọ fi di ohun tí ojú ń pọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyọ owó wúrà kan nínú wọn fi pa mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní 2020. Ti ilẹ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò ni ó wà níbi tí ojú ọba ì bá wà, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ yí i ká, wọ́n sì rọ kọ́bọ̀ ọ̀hún lọ́pọ̀ yanturu ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Birmingham, tí àwọn ti Birmingham fi ní lẹ́tà H tàbí KN lára, wọ́n sì ná an ní gbogbo ọjà wa. Abúnigbowó gbọ́ ìdajì ìtàn yìí, kò dúró gbọ́ ìyókù. Iye tí a fi ń ra ilẹ̀ ni ó ń dá lé kọ́bọ̀ tí ó wà nínú àpótí ìyá arúgbó gbogbo, bí ẹ bá sì ṣí ìwé iye owó àtijọ́ hàn án, yóò ní, “Lọ ná ìwé náà, fi ọjà mi sílẹ̀.”

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Èkó nìkan ni ìran Abúnigbowó ń gbé. Ó ní ìbátan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí kì í pariwo, tí kì í sì í gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ nígbà tí ọmọ Yorùbá bá béèrè owó ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni yóò fi ti páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì, níbi tí kọ́bọ̀ 1936 kan náà ti dà gììrì mọ́ èérún owó ilẹ̀ mìíràn, iye kan náà fún gbogbo wọn. Tiwa ń bú yín nítorí pé kọ́bọ̀ náà ga jù yín lọ lójú rẹ̀. Tọ̀hún ń fojú di yín nítorí pé ẹ̀yin àti kọ́bọ̀ náà kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Ta ni ó wá kọ́ wọn ní ìwà yìí? Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Àwa oníbàárà ni. Nígbà tí olówò ọlọ́yàyà bá sọ fún wa pé, “Ẹ̀gbọ́n, èyí kò ṣọ̀wọ́n, ẹ má fi owó púpọ̀ rà á,” a ó ṣe bí ẹni dúpẹ́, a ó sì kọjá, a ó ní ọkùnrin yẹn kò ní ọjà gidi. Níbi tí wọ́n bá ti jágbe mọ́ wa ni ọkàn wa ń balẹ̀ sí, a ó sì padà délé, a ó máa fi ìwọ̀sí tí wọ́n fi lọ̀ wá ṣe ẹ̀rí fún àwọn ọ̀rẹ́ wa, pé, “Ẹ kò mọ bí ọkùnrin náà ti le tó! Ojúlówó ni ó ń tà.” A ti sọ ìbínú di ìwé ẹ̀rí ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe pé ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń tà ni ìbéèrè máa ń dùn mọ́, nítorí yóò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ìbéèrè ń gún lára.

Mo mọ̀ pé àwọn olówò náà ní ẹjọ́ tiwọn. Àwọn kan wà nínú wa tí yóò fi ọwọ́ àkàrà tọ́ gbogbo owó orí àtẹ wò, tí yóò ya wọ́n ní fọ́tò, tí wọn kò sì ní ra ẹyọ kan. Àwọn mìíràn a sì kó kọ́bọ̀ 1973 wá, wọn a ní àfi kí wọ́n fi iye mọ́tò rà á. Ìwà yìí kò dára, ṣùgbọ́n a óò lé akátá jìnnà ná, kí a tó bá adìẹ wí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn owó àtijọ́, ẹ kọ́ ọdún rẹ̀, ẹ kọ́ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ mọ lẹ́tà tí ó wà lára rẹ̀, kí ẹ tó jáde nílé. Bí ẹ bá dé ìdí àtẹ, ẹ kí olówò kí ẹ tó béèrè ọjà. Bí ó bá fi ẹ̀kọ́ dáhùn, ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bí ó bá fi díẹ̀ wọ́n ju ti ibòmíràn lọ. Bí ó bá fi èébú dáhùn, ẹ gbé owó náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un kí ẹ tó lọ. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń kí oníbàárà, ẹ jẹ́ kí ó máa ta kọ́bọ̀ rẹ̀ fún ara rẹ̀.