Díákónì Oníkóńgò Méjì

Kò sí ọjà oúnjẹ tí ẹ máa dé, ìbáà ṣe Bódìjà n'Íbàdàn tàbí Mile 12 l'Ékòó, tí ẹ kò ní bá irú rẹ̀ pàdé. Sítíkà ẹ̀jẹ̀ Jésù wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ìwàásù ń dún nínú rédíò, ẹ kò sì lè ná ọjà tán kó má tíì pe orúkọ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta. Díákónì ni. Kóńgò méjì ló ní. Èyí tó fi ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ fẹ̀, ó sì jìn. Èyí tó fi ń tà fún oníbàárà, òòlù ti bá ìdí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti kó wọnú. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń wọ̀n ọ́n: á rọra bù ú sínú kó má baà kì, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣù ú jọ lórí títí yóò fi rí ṣónṣó. Ṣónṣó yẹn lojú oníbàárà ń wò. Ta ló ń wo ìdí kóńgò?

Ẹni tó bá yára pè é ní alágàbàgebè kò tíì mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí gbàgbọ́ tọkàntọkàn. Ó ń gbààwẹ̀, ìṣọ́ òru kì í yẹ̀ ẹ́, bí oṣù bá sì parí, á yọ ìdámẹ́wàá èrè rẹ̀ láìfi náírà kan tàsé. Ibẹ̀ gan-an lẹjọ́ ti mú un. Ẹni tó mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀ kò lè ní òun ò mọ ohun tí ìdí kóńgò ń gbé mì. Bó bá sì ṣì ń ṣe yín bíi pé àìmọ̀ ni, ẹ dúró di ìgbà ìkórè, kí àwọn tó ń se oúnjẹ ṣọ́ọ̀ṣì wá ra ìrẹsì lọ́dọ̀ rẹ̀. Kóńgò tó fi ń ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni yóò fà yọ. Lójú tirẹ̀, ilé Ọlọ́run nìkan lèèyàn kì í rẹ́ jẹ. Bẹ́ẹ̀, ìwé Deutarónómì orí 25 ti kọ òṣùwọ̀n ńlá àti kékeré nínú ilé kan náà, àwọn tí wòlíì Ámósì sì bá wí ní orí 8 kì í ṣe aláìlọ́sìn. Wọ́n ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́, àmọ́ ara wọn kò balẹ̀ títí yóò fi parí, kí wọ́n lè padà sídìí òṣùwọ̀n kékeré wọn. (Aago ọwọ́ nìkan ló kù tí wọn kò ní.)

Àwọn kan á ní gbogbo ọjà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, owó ọkọ̀ ti gbẹ́nu sókè, oníbàárà pàápàá sì mọ̀. Òfin òṣùwọ̀n ti wà ní Nàìjíríà láti 1974, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti ìjọba sílẹ̀. Bí owó ọkọ̀ bá wọ́n, kó fowó lé ọjà. Ẹni tó gbọ́ iye tó pọ̀ lè ná an, ó lè kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ẹni tí wọ́n fi kóńgò tó kó wọnú wọ̀n fún kò rí ohun tí yóò ná. Bí oníbàárà bá sì mọ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí díákónì kì í dojú kóńgò dé kí wọ́n rí ìdí rẹ̀? Dípò bẹ́ẹ̀, èènì ló ń fún wọn, ẹ̀kúnwọ́ kan látinú ohun tó ti yọ. Oníbàárà á sì dúpẹ́!

Èyí tó le díẹ̀ ni pé ọ̀làwọ́ ni. Òun ló ra àga tí akọrin ń jókòó lé. Ṣùgbọ́n Sákéù agbowó òde náà lówó, nígbà tó sì ronú pìwà dà nínú Lúùkù orí 19, kò gbé owó tó fi èké gbà lọ sí sínágọ́gù. Ó ní òun yóò dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin fún àwọn tí òun gbà á lọ́wọ́ wọn. Díákónì wa kò tilẹ̀ ní wá tirẹ̀ jìnnà: níwájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti rẹ́ jẹ ló ń gbé igbá ọrẹ kọjá lọ́jọọjọ́ Ìsinmi.