Ọ̀gá Ìdá Mẹ́rin

Táàgì lẹ ó fi dá a mọ̀. Àpérò ojú ọjọ́ ti ọdún 2023 ti parí ní Dubai láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, síbẹ̀ káàdì rẹ̀ ṣì ń mì dirodiro lórí agbádá lóde òkú l'Ábẹ́òkúta. Bó bá fẹ́ gé ẹran jẹ, á fọwọ́ òsì ká a kúrò lọ́nà ọbẹ̀. Bó bá dìde láti náwó fún onílù, á yí i padà kí fọ́tò rẹ̀ lè kọjú síta. Onílù náà lójú. Kíá ló ti ń kì í ní "ọmọ Dubai".

Ní 2023 yẹn, orúkọ 1,411 ló wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú ìwé àwọn tó lọ, iye kan náà pẹ̀lú Ṣáínà. Ìjọba ní 422 péré làwọn sanwó fún. Ọ̀gá wa wà nínú 422. Kò sì sí ohun tó gbé bọ̀ ju gbólóhùn kan lọ, èyí tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó wọ bàálù: "Gbogbo Áfíríkà pátá, èéfín wa ò ju bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ."

Òótọ́ ni. Ibi tó ti burú gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, à bá ti já a.

Jẹnẹrétọ̀ méjì ló wà lẹ́yìn ilé rẹ̀: ńlá fún ọ̀sán, kékeré fún òru. Aládùúgbò wá bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èéfín yín ń wọ yàrá àwọn ọmọ." Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ìdá mẹ́rin péré ni wá." Dírẹ́bà rẹ̀ kì í pa jíìpù ní gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá bá fi wà nípàdé, kí inú ọkọ̀ má baà gbóná kó tó jáde: ìdá mẹ́rin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká ra sólà." Ó ní kí òyìnbó kọ́kọ́ san gbèsè. Bí ẹ bá jí i lóru, mo gbà pé ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, kó tó bèèrè ẹni tó kú.

Ẹ wá bi í nípa gáàsì tí wọ́n ń sun ní Niger Delta. Òfin 1979 ní kí wọ́n ṣíwọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984, àfi ẹni tí mínísítà bá fún níwèé àṣẹ. Wọ́n sún un sí 2008, wọ́n sún un sí 2020, 2030 là ń wò báyìí. "Àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ni," ni Ọ̀gá wí. Àwọn ni lóòótọ́. Ta wá ló ń fọwọ́ síwèé àṣẹ? Ṣùgbọ́n 2060 wù ú jọjọ, ọdún tí Buhari dá ní Glasgow ní 2021 pé èéfín tí à ń tú jáde kò ní ju èyí tí à ń fà padà lọ. Ọ̀gá ò ní sí láyé tí wọn yóò fi bi í.

Ta ló mú kí ìdá náà kéré tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe òun. Àwọn tó ń sùn nínú òkùnkùn ni, tí wọn ò ní jẹnẹrétọ̀, tí wọn ò wọ bàálù rí. Ìyá tó ń yan ẹja ní Ayétòrò, nílẹ̀ Ìlàjẹ, wà nínú wọn. Èéfín ààrò rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, òkun sì ti gbé ilé àti ilé ìwé lọ ní ìlú rẹ̀. Ìṣẹ́ tirẹ̀ ni Ọ̀gá ń fi ṣe àwíjàre. Ó pín èéfín jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lé e lórí, ó tún forúkọ rẹ̀ gba ẹsitakóòdù.

Òyìnbó jẹ gbèsè, kò sí àní-àní. 100 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún tí wọ́n ṣèlérí ní Copenhagen ní 2009, pé yóò pé ní 2020, 2022 ló tó pé. Ṣùgbọ́n Ayétòrò ni wọ́n jẹ, wọn ò jẹ Ọ̀gá. Kí wọ́n yọ tirẹ̀ kúrò nínú ìdá mẹ́rin náà, kí wọ́n kà á mọ́ ti òyìnbó tó ń bú.