Ọkọ̀ Ọ́tò Kò Gba Títì

Jíábọ́ọ̀sì ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń fi í jíṣẹ́ fún táyà. Nínú bọ́ọ̀sì mánúà, awakọ̀ ló ń yan jíà fúnra rẹ̀: ẹsẹ̀ òsì lórí kilọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ lórí jíà. Nínú ti ọ́tò, ọ́ọ̀lì tí pọ́ǹpù ń tì ló ń ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀ òsì yẹn. Títì tó dán kì í fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Kòtò ló ń tú àṣírí.

Nínú ẹrẹ̀, mánúà kì í fojú rere wo ọ̀gbẹ̀rì. Bó bá ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kilọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ a fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ́ńjìnnì a kú. Ọ́tò ń rọra fi agbára ránṣẹ́, kì í dójú ti ẹsẹ̀ tí kò mọ ìwọ̀n.

Ẹ̀tẹ́ tirẹ̀ dìgbà tí bátìrì bá kú. Kọ̀ńdọ́ a pariwo: "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀!" Àwọn èrò a ká ṣòkòtò, wọ́n a ti ọkọ̀ títí ẹrẹ̀ á fi ta sí wọn níwájú orí. Awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí dánfó bọ́ sórí ọ́tò tòkunbọ̀ a jókòó síwájú, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, a máa ké pé, "Ẹ tún tì í! Ó kù díẹ̀!"

Kò ku díẹ̀ rárá. Nínú mánúà, tí ọkọ̀ bá ti ń sáré nínú jíà kejì, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kilọ́ọ̀ṣì, táyà a yí jíábọ́ọ̀sì, jíábọ́ọ̀sì a yí ẹ́ńjìnnì, ó ti jí nìyẹn. Nínú ọ́tò, ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ló ń ti ọ́ọ̀lì, ọ́ọ̀lì ló ń mú kí àwọn jíà di ara wọn mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kò sí ohun tó so táyà mọ́ ọn mọ́. Wọn ì báà tì í láti Ìbàdàn dé Ṣàkì, kò ní dún. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kan tó ń kọjá lọ ló sábà máa ń bẹjú wo abẹ́ sítíárìn, tí á béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ọ̀gá, kilọ́ọ̀ṣì dà?" Ìgbà yẹn ni àwọn èrò a ní kí kọ̀ńdọ́ dá owó àwọn padà.

Wáyà àti bátìrì ọkọ̀ mìíràn ni oògùn rẹ̀. Bí wọ́n bá máa fà á, kí wọ́n gbé táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kúrò nílẹ̀, torí jíábọ́ọ̀sì tí pọ́ǹpù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ń lọ ara rẹ̀ ní gbígbẹ ni.

Àwọn tó ń tà á a máa ní ọ́tò kò ní wàhálà. Irọ́ gbáà! Bó bá ti ń jà nínú ẹrẹ̀, ọ́ọ̀lì rẹ̀ ń gbóná. Ọ́ọ̀lì tó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ti ń ba jíábọ́ọ̀sì jẹ́, owó àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti Ẹ̀fọ̀n Alààyè, jíà kékeré ni mánúà fi ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Ọ́tò náà lè ṣe é, bí awakọ̀ bá kúrò lórí D bọ́ sórí 2 tàbí L. Fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ọ́tò tu ẹsẹ̀ lára. Fún ẹrù wúwo lójú ọ̀nà oko, níbi tí mẹkáníìkì tó mọ ọ́tò ti ṣọ̀wọ́n, mánúà ló yẹ.