Oníjó Ballet Ti Dé Ojúlé Wa

Ẹ sún mọ́bí, kí Bàbá Onílé má baà gbọ́. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé èmi kì í ṣòfófó. Ohun tí ojú mi bá rí lẹnu mi ń sọ. Ọmọ Ìyá Onírẹsì tó wà lókè, èyí tí eegun pọ̀ ju ẹran lọ lára rẹ̀ yẹn, ó ti di oníjó ballet! Ijó òyìnbó tí wọ́n fi ń na ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fi já máńgòrò. Inú yàrá kan ṣoṣo yẹn náà ló ti ń jó o, níbi tí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ìránṣọ, sílíńdà gáàsì àti àpò ìrẹsì ti jọ ń du àyè.

Ìyá Alágbo tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo. Ó ní bí ọmọ náà bá ti fò, ìdọ̀tí inú àjà á máa já sínú ọbẹ̀ òun. Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ọbẹ̀ tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ látilẹ̀, kí ni ìdọ̀tí fẹ́ fi ṣe?

Wọ́n ní níbo lọmọ onírẹsì ti rí ballet? Àṣé ẹ ò gbọ́ nípa Ajangbadi, ní apá Ọ̀jọ́ l'Ékòó níbí? Daniel Owoseni Ajala ló dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2017. Fíìmù ló wò tí ijó náà fi wọ̀ ọ́ lára, ló bá ń wo fídíò, ó ń kọ́ ara rẹ̀. Ilé rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2020, ọmọ kan níbẹ̀, Anthony Mmesoma Madu, ọmọ ọdún 11, jó nínú òjò láìwọ bàtà, fídíò rẹ̀ sì kárí ayé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti wọ Elmhurst Ballet School ní Birmingham. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe fífẹ̀ ilé ló ń gbé ọmọ débẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn ní kí tiyín lọ máa fò lórí sìmẹ́ńtì tútù o. Ní Sátidé, àǹtí ọmọ náà dé, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tó dá lẹ́sẹ̀. (Wíìgì orí ẹ̀, ẹ ò ní lè béèrè iye ẹ̀.) Èmi ń bá wọn ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, etí mi sì wà nínú ilé. Ó ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó ní kí ọmọ náà dúró sí àárín yàrá, kó na ẹsẹ̀ síwájú, sẹ́gbẹ̀ẹ́, sẹ́yìn, kó na ọwọ́ sókè. Gbogbo ohun tó kàn, wọ́n gbé e kúrò. Sílíńdà gáàsì ló kọ́kọ́ jáde.

Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ, ó ní ìbọ̀sẹ̀ lórí táìsì, ìṣubú ni. Ó ká rọ́ọ̀gì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ká sókè. Àga ike tí ọmọ náà ń dì mú, ó fi ìka kan tì í, àga ṣubú. Etí fèrèsé ni kó dì mú, ó ní, kó sì rọra dì í. Bí wọ́n bá ń ṣe plié, ìyẹn títẹ eékún, kí eékún kọjú síbi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí. Láti ìbàdí ni wọ́n ti ń yí ẹsẹ̀ síta. Ẹni tó bá fipá yí eékún, á rojọ́ fún dókítà. Ní ti fífò, ó ní kó dúró di ibi tí wọ́n ti fi pákó tó ń rọ̀ tẹ́ ilẹ̀, nítorí sìmẹ́ńtì kì í gba ìró ẹsẹ̀ mọ́ra. Ọkàn Ìyá Alágbo balẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni bàtà. Ìyá Onírẹsì ti lọ ra bàtà olórí líle, èyí tí wọ́n fi ń dúró ṣánṣán lórí ìka ẹsẹ̀, nínú òkìríkà! Nọ́ọ̀sì gbà á. Ó ní ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló ti mọ ọ́n, agbára rẹ̀ sì ti tán. Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tí kò tíì tó bí ọdún 11 tàbí 12, tí kò tíì kọ́ ijó náà fún ọdún mélòó kan, tí olùkọ́ ò sì tíì yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, kò gbọdọ̀ wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i lẹ́sẹ̀ ọmọ yín, ẹ gbà á. Ẹ má sì ní èmi ni mo sọ o.